Àlejò Ọjọ́ Sátidé

Nígbà tí Ọláníkẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ pé òun fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa wá ṣe fàájì nínú oko àwọn, ọkọ rẹ̀ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Adéníyì gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ibà ń mú sọ kántankàntan.

"Kí ni wọ́n fẹ́ wá wò? Ọ̀pẹ̀yìnbó? Ewúrẹ́? Ta ni kò rí ewúrẹ́ rí ní Benin yìí?"

"Ọmọ ọ̀gá yín tó bá wa ṣe Àjíǹde bi mí pé orí igi wo ni ọ̀pẹ̀yìnbó ń so sí," ni Ọláníkẹ́ dá a lóhùn. "Nígbà tó rí i nílẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé e, ńṣe ló ń sunkún nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sílé. Àwọn èèyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wo sinimá. Bàbá Bímbọ́, kí ló dé tí wọn ò ní rà á wo oko?"

Oko náà wà lẹ́yìn Oregbeni, níbi tí ilé ti ń tán lọ tí igbó ti ń gba ipò rẹ̀, lójú ọ̀nà eléruku kan tó yà kúrò lára títì tó lọ sí Agbor. Yàrá tí wọ́n háyà ní Uwasota ni tọkọtaya náà ń gbé tẹ́lẹ̀. Bàbá arúgbó kan, ọmọ onílẹ̀, ló ta ilẹ̀ náà fún wọn, wọ́n sì kọ́ ilé kékeré kan sí àárín rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n kó débẹ̀ ni báńkì gbé Adéníyì lọ sí Warri. Alẹ́ Fúráìdè ló ń wọlé, ìyálẹ̀ta Sọ́ńdè ló ń padà. Bí ó bá ti lọ, Ọláníkẹ́ ló kù, pẹ̀lú Abímbọ́lá ọmọ wọn obìnrin tí kò tíì tó gbé garawa omi, àti Làmídì, ará Ìsẹ́yìn, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, tó sì ń sùn sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ewúrẹ́.

Olùkọ́ ni Ọláníkẹ́ kí ó tó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń gba ojú ọmọdé. Ó ní kí Làmídì la ọ̀nà tóóró sáàárín ọ̀pẹ̀yìnbó kí ẹ̀gún má baà gún ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ bẹ́ǹṣì sábẹ́ àwọn igi ọsàn. Ó gbẹ́ adágún kékeré, ó kó ẹja sí i, ó ra ìwọ̀ àti okùn fún àwọn tó bá fẹ́ dẹ ẹja. Ó ra màlúù kúkúrú méjì, irú èyí tí kò ní iké, tí wọ́n ní sùúrù débi pé ọmọdé lè fún wọn ní koríko lẹ́nu. Ó kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kéde rẹ̀ ní ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá, ó lẹ ìwé mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù Màmá Adébùkọ́lá ní New Benin, níkẹyìn ó gbé e lọ sórí rédíò. Àwọn èèyàn sì wá. Mọ́tò ń tò lé ara wọn lẹ́nu géètì lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ń pariwo, àwọn ìyá ń gbé ọ̀pẹ̀yìnbó sínú búùtù, Adéníyì alára sì ń fi fìlà bo ojú rẹ́rìn-ín pé òun kò mọ̀ pé ewúrẹ́ lè di eré ìwòran.

Ṣùgbọ́n ọdún tí Ọláníkẹ́ ṣí géètì rẹ̀ fún àlejò, ọdún 1986, ọdún burúkú ni fún Benin. Àwọn adigunjalè gba ìlú náà kan. Ọ̀sán gangan ni wọ́n fi ń já mọ́tò gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Wọ́n ń yìnbọn pa ọlọ́pàá lójú pópó. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ojú wọn. Àwọn kan ní bí òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń múra, àwọn mìíràn ní wọ́n ń wọ aṣọ obìnrin. Kí oòrùn tó wọ̀, olúkúlùkù ti wọlé, ó ti gbé ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn. Ìgbà tí gbogbo ayé ń ti géètì yìí ni Ọláníkẹ́ ń ṣí tirẹ̀, tó tún ń fi rédíò pe àwọn tí kò mọ̀ rí pé kí wọ́n máa bọ̀.

"Níkẹ́, ṣé o mọ àwọn tó ń wọlé tọ̀ ọ́ wá?" Màmá Adébùkọ́lá bi í léèrè lọ́jọ́ kan tó lọ ra oúnjẹ adìẹ.

"Ará ìlú ni wọ́n, mà."

"Àwọn olè náà, ará ìlú ni wọ́n."

Ọláníkẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a wọ takisí, ó sì bá a délé.

Inú oṣù kẹjọ ọdún náà ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wá. Ohun tó jẹ́ kí Ọláníkẹ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ló fi rìn wọlé. Kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wá sí oko náà. Ọ̀nà rẹ̀ jìn sí títì. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kakí tó ti ṣá, ó fún àpò awọ kan mọ́ abíyá. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó kí ẹni tó tà á fún un, ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún kọjá bí ẹni pé kò rí i. Kò dúró lọ́dọ̀ màlúù. Kò gé ọ̀pẹ̀yìnbó kankan. Ó tọ ara wáyà ẹlẹ́gùn-ún lọ títí dé ẹ̀yìn oko, níbi tí igbó ti kún díẹ̀, tí àwọn igi akòko kan dúró sí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ ló wà títí àwọn àlejò fi ń lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Àpò náà wà ní abíyá rẹ̀. Akòko yẹn náà ló tún lọ bá.

Nígbà tó ń padà bọ̀, Ọláníkẹ́ dúró pẹ̀lú Làmídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ewúrẹ́. Kò rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń kí ẹnìkan ní Ẹ̀dó.

"Làmídì, má gbójú kúrò lára ọkùnrin yìí o. Bí wọ́n ṣe máa ń wá wo ilé wò nìyẹn kí wọ́n tó wá jà á lólè."

Ọkùnrin náà dúró. Ó yíjú sí i.

"Ẹ má ṣe dààmú, ìyá," ó sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara, tí ohùn Oǹdó wà nínú rẹ̀. "N ò ní mú nǹkan yín."

Ara Ọláníkẹ́ tutù wọ̀ọ̀. Ọkùnrin náà ní Idẹmudia ni orúkọ òun, pé òun ṣiṣẹ́ gẹdú pẹ́ ní ilẹ̀ Oǹdó, níbẹ̀ lòun ti gbọ́ èdè. Ó tẹ orí ba, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni Ọláníkẹ́ kò ti ní ibi tó lè sá pa mọ́ sí mọ́, kódà nínú èdè rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ń sọ láti Sátidé yìí sí Sátidé yẹn, nípa ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń lọ àti ìgbà tó ń bọ̀, nípa kọ́kọ́rọ́, nípa ibi tí ó ń kó nǹkan sí, ó ń rò ó pé ọkùnrin náà ti gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, ọkùnrin náà ṣì ń wá. Bí Abímbọ́lá bá ti rí i ní ọ̀kánkán, á sáré wọlé. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Píjìn tí wọ́n ń sọ níléèwé ló máa ń fi fèsì.

"Mummy, dat man don come again."

"Wọlé, kí o lọ jókòó sí yàrá mi."

"But e no dey do anything. E just dey look ground."

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà tún fi kún ìbẹ̀rù rẹ̀. Kí ni èèyàn ń wò nílẹ̀? Ó ti gbọ́ ìtàn pé àwọn olè a máa ri ìbọn mọ́ oko olóko kí ọlọ́pàá má baà ká a mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, Idẹmudia fún ọmọ náà ní àgbàdo sísun tó rà lọ́nà. Ọláníkẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún ewúrẹ́. Ọkùnrin náà rí i. Kò bínú. Ó kàn wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì béèrè ìbéèrè tí Ọláníkẹ́ gbé sùn, tó gbé jí:

"Ìyá, ọjọ́ wo ni àlejò kì í wá rárá?"

Nígbà tí Adéníyì dé ní Fúráìdè, ó kọ́kọ́ ní ojora lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ ti ń ka àwọn ìbéèrè ọkùnrin náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ó béèrè bóyá àwọn nìkan ló ń gbé ibẹ̀, pé ó béèrè bóyá ajá wà, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Jẹ́ kí a ti géètì yẹn pa," ni Ọláníkẹ́ sọ. "Títí ìlú á fi rọlẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

Adéníyì ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. "Wọ́n ti ń dá àwọn èèyàn dúró ní báńkì, Níkẹ́. Ó kan ẹni tó jókòó tì mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ó bá kàn mí, oko yìí ló kù fún wa. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ní àwọn fẹ́ wá ṣe ìdúpẹ́ ìkórè wọn síbí, bọ́ọ̀sì rẹpẹtẹ. Ibo la fẹ́ kí wọ́n páàkì sí? Mo ti bá oníkatakata sọ̀rọ̀. Tọ́sìdeè ló máa wá ro ẹ̀yìn oko yẹn mọ́lẹ̀, á hú àwọn akòko yẹn kúrò. Bí ibẹ̀ bá ti dán, kò sí ibi tí olè kan máa sá pa mọ́ sí."

Ó tu Ọláníkẹ́ nínú díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ fún àwọn àlejò lábẹ́ igi ọsàn, pé kí wọ́n fi inú dídùn retí ibi tuntun tí mọ́tò wọn yóò máa dúró sí, pé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ni katakata yóò tú gbogbo ẹ̀yìn oko. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Idẹmudia dúró lẹ́yìn wọn, ó mú ife omi dání. Ife náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ojú rẹ̀ ti yí padà di ojú ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ já mọ́ nídìí.

Ó wá bá a nígbà tí èrò ti túká. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ Wẹ́sìdeè, ṣé ẹ máa wà nílé?"

"Ọkọ mi máa wà nílé," ni Ọláníkẹ́ sọ, irọ́ ló pa. "Òun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́pàá."

Idẹmudia mi orí. Ó rọra bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ó fún àpò náà mọ́ra.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Làmídì wá kan ilẹ̀kùn. Ó kàn ní kí Ọláníkẹ́ máa tẹ̀ lé òun. Ní ẹ̀yìn oko, wọ́n ti gé wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ẹni tó gé e tún rọra so ó padà, kí ẹnikẹ́ni má baà tètè mọ̀. Ipasẹ̀ wà ní ilẹ̀ rírọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó já Ọláníkẹ́ láyà jù lọ ni pé ẹnìkan ti gbá ìdí àwọn akòko náà. Ewé kan kò sí níbẹ̀. Ó mọ́ bí iwájú ilé tí wọ́n ń retí àlejò sí.

"Wọ́n ti pèsè ibi tí wọ́n máa kó ẹrù sí," ni Làmídì sọ. "Màdáámú, àdá kan ṣoṣo ni mo ní o."

Ọláníkẹ́ kò lọ bá ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá ìgbà yẹn ń bẹ̀rù ju ará ìlú lọ, ìròyìn sì ń lọ pé àwọn kan nínú wọn mọ̀ sí iṣẹ́ àwọn olè náà. Ó gbé Abímbọ́lá lọ sọ́dọ̀ Màmá Adébùkọ́lá. Lẹ́yìn náà, ó yà ní Oregbeni, lọ sí abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹkáníìkì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ àdúgbò máa ń jókòó sí. Olórí wọn ń bó ẹ̀pà jẹ. Kò dáwọ́ ẹ̀pà bíbó dúró nígbà tí Ọláníkẹ́ ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ tán, ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò ní àtẹ́lẹwọ́.

"Madam, go house, go rest," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Wednesday, we go dey there."

Kò bi í bóyá ó dá a lójú. Ọláníkẹ́ rántí ìyẹn lẹ́yìn ìgbà náà, pé kò sí ẹni tó bi í bóyá ó dá a lójú.

Kùrukùru ṣì bo ilẹ̀ ní àárọ̀ Wẹ́sìdeè. Ọláníkẹ́ wà lẹ́yìn fèrèsé, aṣọ ìró rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Kò rí ẹnikẹ́ni, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan, tó bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí rò pé àwọn ọmọkùnrin náà kò wá. Lójijì ni ariwo sọ láti ẹ̀yìn oko, ohùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ìró igi lára èèyàn. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìró yẹn rí kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní í gbàgbé. Ó fi ẹsẹ̀ lásán sáré jáde.

Wọ́n ti yí i ká lábẹ́ akòko. Idẹmudia wà nílẹ̀, ó fi apá bo orí, ẹ̀jẹ̀ ti gba ojú kan. Wọ́n ń lù ú bí ẹni ń pa ejò. Ẹnìkan ń yí táyà mọ́tò bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ó ń yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọdé tó ń ṣeré, agolo pẹtiróòlù sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òórùn rẹ̀ gba inú kùrukùru náà kan.

Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀dó, wọn kò fetí sí i. Ó sọ ọ́ ní Píjìn, igi ni wọ́n fi dá a lóhùn. Bí ojú rẹ̀ tó kù ṣe rí Ọláníkẹ́, Yorùbá ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ìyá Bímbọ́, ẹ gbà mí. Ìyá mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Ìyá mi ni mo wá gbé."

Nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, Ọláníkẹ́ àti Làmídì nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ. Ọláníkẹ́ dúró. Ìbẹ̀rù tó mú un lákòókò yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù olè mọ́. Ó wo ojú àwọn ọmọkùnrin náà, kò sì rí ẹni tí ó lè bá sọ̀rọ̀ nínú wọn. Bí ó bá sọ pé kì í ṣe olè, wọ́n á bi í pé kí ló wá pe àwọn fún. Wọ́n lè ní òun àti olè náà ló jọ ń ṣe é. Táyà kan kò kéré jù fún èèyàn méjì.

Àpò awọ náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u. Ẹfun ló wà nínú rẹ̀, àti obì, àti ìgò ọtí kékeré kan, ọkọ́ tí wọ́n ti gé ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ kúrú, àti aṣọ funfun kan tí wọ́n ká dáadáa, tí wọ́n lọ̀ ní áyọ́ọ̀nù. Kò sí ìbọn. Kò sí ọ̀bẹ.

Kò mọ ìgbà tó wọ àárín wọn. Ó kàn rí i pé òun ti dúró lórí ọkùnrin náà, ẹsẹ̀ òun méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìhà rẹ̀, àti pé Làmídì ti wá dúró lẹ́yìn òun pẹ̀lú àdá.

"E no be thief," ó sọ. "Una leave am. I make mistake."

"Madam, na you call us," olórí wọn sọ. Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù.

"Na me call una. Na me still dey beg una make una go."

Kò sí ẹni tó mira. Ẹni tó gbé agolo pẹtiróòlù ń wo ojú olórí rẹ̀, ó ń retí. Ẹyẹ kan ń ké nínú akòko. Olórí náà wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ilé tó wà lókèèrè, ó wo ọgbà ewúrẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ sọ́kàn. Níkẹyìn, ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì yí padà. Wọ́n rọra ń lọ, wọn kò kánjú. Bí wọ́n ti ń kọjá, wọ́n mú òbúkọ kan nínú ọgbà, wọ́n fà á lọ. Kò sí ẹni tó bi wọ́n.

Nínú píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó ẹrù oko, tí Ọláníkẹ́ fúnra rẹ̀ ń wà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ugbowo, Làmídì gbé orí Idẹmudia lé itan. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dákẹ́, ó tún ń sọ. Oko bàbá òun ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ọdún tí àwọn sójà wọ Benin nígbà ogun abẹ́lé ni ìyá òun kú. Oǹdó lòun wà, ọ̀nà sì ti dí. Àbúrò bàbá òun ló sin ín sí oko, kò ráyè ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, ó kàn gbin akòko síbi orí rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ogun, òun a máa wá gbá ibẹ̀, òun a sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá, òun dé, òun bá wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Àbúrò bàbá náà ti tà á.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" Ọláníkẹ́ ń wo ọ̀nà, omi ti bo ojú rẹ̀ débi tí kò fi ríran dáadáa. "Kí ló dé, bàbá? Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ò bá sọ ọ́."

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí," ni Idẹmudia sọ. "Ẹni tó bá ra ilẹ̀, tó wá gbọ́ pé òkú wà nínú rẹ̀, ńṣe ló máa hú u dànù. Tàbí kó ní mo fẹ́ gba ilẹ̀ padà, kó sọ mí sí àtìmọ́lé. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tó bá fẹ́ lè wá wo oko. Tíkẹ́ẹ̀tì kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Ìgbà tí ẹ ní katakata ń bọ̀ ni mo tó gé wáyà, pé kí n gbé e kúrò."

Ó di ojú rẹ̀ tó kù títí wọ́n fi dé.

Ọláníkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á dìde dúró. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á jáde wá sọ pé ó ti kú. Ẹ̀rù àwọn èèyàn rẹ̀ tí yóò wá béèrè ẹni tó pe àwọn ọmọkùnrin náà tún ń bà á. Nígbà tí àbúrò Idẹmudia obìnrin dé, ó wo Ọláníkẹ́, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára aṣọ rẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbé ẹ̀gbọ́n òun wá. Ọláníkẹ́ sọ fún un pé òun lòun pe àwọn tó lù ú. Obìnrin náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì kejì.

Idẹmudia kò kú. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ kò gòkè mọ́, etí òsì rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan mọ́.

Nígbà tí Adéníyì dé ní Fúráìdè, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbá orí mú. "Olúwa ló kó wa yọ," ó sọ.

"Lọ́wọ́ ta ni?" ni Ọláníkẹ́ bi í.

Ọláníkẹ́ ti dá oníkatakata padà ní Tọ́sìdeè, Adéníyì sì lọ sọ fún un lọ́jọ́ kejì pé kó má wá mọ́. Wọ́n mú ẹ̀gbẹ́ géètì fún mọ́tò, wọ́n sì fi igi ṣe ọgbà yí akòko náà ká. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá wá ṣe ìdúpẹ́ wọn, bọ́ọ̀sì kún ojú ọ̀nà. Àwọn ọmọkùnrin Oregbeni náà wá. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Wọ́n kó àga wá, wọ́n jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n ń wo ojú ẹni tó bá ń wọlé. Nígbà tó di ọ̀sán, olórí wọn rán ẹnìkan sí ilé ìdáná pé ebi ń pa àwọn. Ọláníkẹ́ bu oúnjẹ. Ọbẹ̀ dà sórí tábìlì, kò dúró nù ún.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò pa Sátidé kan jẹ. Inú àwọn àlejò dùn sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ń bẹ̀rù láti jáde ń sọ fún ara wọn pé ọkàn ẹni balẹ̀ ní oko àwọn Adéníyì, pé ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Èrò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Adéníyì fi í kún ìpolówó orí rédíò pé oko náà ní ààbò tó dájú. Ọláníkẹ́ gbọ́ ọ nígbà tó ń lọ ata, ó dìde, ó pa rédíò náà.

Kí ọdún tó parí, ọwọ́ ìjọba tẹ àwọn adigunjalè náà. Ìlú mí kanlẹ̀. Àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní ìrọ̀lẹ́. Adéníyì ní kí ìyàwó òun lọ bá àwọn ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pé wọ́n ṣeun, wọ́n kú iṣẹ́, kí wọ́n máa lọ. Ọláníkẹ́ ní kó lọ bá wọn sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò lọ.

Nígbà ọyẹ́, Idẹmudia ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ọláníkẹ́ ní kó má wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Túsìdeè ló wá, lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ dáadáa, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọmọkùnrin náà ti wà lẹ́nu géètì. Wọn kì í yan ọjọ́ mọ́. Ọláníkẹ́ lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin náà ti rù gan-an. Nígbà tó rí àwọn tó jókòó, ó dúró.

"Ẹ dì mí mú," ni Ọláníkẹ́ sọ fún un ní Yorùbá. "Ẹ má wojú wọn."

Wọ́n jọ ń rìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà dìde. Òun ló gbé agolo pẹtiróòlù lọ́jọ́ yẹn. Ọláníkẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Madam, good morning. Who be dis papa?"

Ó wo Idẹmudia lójú kòrókòró. Ó wo apá tó rọ, ó wo àpá tó wà lójú rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n rárá.

"Na my brother," ni Ọláníkẹ́ dá a lóhùn.

"Ah, Papa, you are welcome, sah." Ọmọkùnrin náà fi ọ̀wọ̀ tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ láti bá a gbé àpò rẹ̀.

Idẹmudia kò fún un. Wọ́n kọjá. Nígbà tí wọ́n dé ìdí akòko, ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá ewé. Ọláníkẹ́ kò bá a kúnlẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọgbà igi náà, ó ń wo géètì, kò sì gbójú kúrò níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi parí ohun tó wá ṣe.